Ohùn Tí Kò Dé Òkèèrè: Ìtàn Iṣẹ́ Títún Rédíò Ṣe ní Yábà, Muṣin àti Sùúrùlérè

Ní ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ London, tí ìròyìn tí ọkọ̀ ojú omi máa ń gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan fi wá ń wọlé láàárín wákàtí díẹ̀; nígbà tí ó sì fi di 1893, tẹlifóònù ti wà ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní ìlú náà. Wáyà abẹ́ òkun kò gbé ohùn ènìyàn, àmì tí a ń fi ìka tẹ̀ ni ó ń gbé, nítorí náà tẹlifóònù ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ohùn tí kò rinlẹ̀ di iṣẹ́ ní Èkó. Nínú ibi tí a ń sọ̀rọ̀ sí lára tẹlifóònù ìgbà náà, èédú tí a gún wẹ́wẹ́ ni ó ń sọ ohùn di iná mànàmáná, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí David Hughes fi han àwọn onímọ̀ ní London ní 1878: bí ohùn bá lu àwo tín-ín-rín tó wà níwájú, èédú á fún pọ̀, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á sì le sí i; bí ohùn bá dẹwọ́, èédú á tú, iná á sì rọlẹ̀. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá èédú yìí, nítorí pé bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ra, kò ní tètè fún tàbí tú mọ́, ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ á sì rẹlẹ̀ bó ti wù kí ó pariwo tó. Kíkan ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí èédú lè tú, wà lára ìwòsàn àkọ́kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ń lò, kì í sì í ṣe ìṣe àìmọ̀kan rárá.

Ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, nígbà tí Ilé-iṣẹ́ Pósítì àti Télígíráàfù dá ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ onáwáyà sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí rẹdifúṣọ̀n. BBC ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá 1932. Ìjọba Èkó ń fi ẹ̀rọ ńlá gba ohùn náà láti ojú òfuurufú, ó sì ń fi wáyà pín in fún ilé àwọn tí ń san owó oṣooṣù, tí wọ́n sì ní àpótí gbohùngbohùn kan nínú yàrá. Àpótí yìí kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń wá ilé-iṣẹ́ mìíràn, èyí tí a fi ń gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀ nìkan ni ó ní, nítorí náà bí ohùn bá rẹlẹ̀, ẹni tó ni ilé kò ní ohun tí ó lè ṣe ju kí ó ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ohùn tí ó bá rin wáyà gígùn máa ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ, ojú ìso tí ó bá dípẹtà sì máa ń jẹ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ilé. Àwọn tí ń gun òpó láti wá ojú ìso bẹ́ẹ̀ ni a lè kà sí aṣáájú fún gbogbo ẹni tí ó wá ń wá àìsàn rédíò ní ìlú náà lẹ́yìn wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agbóhùnsáfẹ́fẹ́ nìkan ni ìwé ìtàn sábà máa ń rántí.

Yábà ni ìmọ̀ yìí ti di ohun tí a ń kọ́ nínú kíláàsì. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ni ó mú kí ìjọba dá àjọ tí ń tún ìlú ṣe, LEDB, sílẹ̀ ní 1928, àjọ náà sì wà lára àwọn tí ó la Yábà sí òpópónà tó gún. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣí Yaba Higher College sí ní oṣù Kìíní 1934, ibẹ̀ náà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a mọ̀ lónìí sí Yaba College of Technology ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Àwọn òṣìṣẹ́ Pósítì àti Télígíráàfù ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ní Òṣòdì, lẹ́bàá Muṣin. Ní 1955 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra ní àárín Èkó, ó sì ń kó àwọn tí ń gbé inú wọn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe pàdánù àwọn oníbàárà tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Ìfọ́nká yẹn kò ṣeé yìn, nítorí pé ó ba ilé ẹlòmíràn jẹ́, ṣùgbọ́n ó dá àdúgbò tuntun sílẹ̀ tí iná mànàmáná wà, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì nílò alátùn-únṣe nítòsí, kí wọ́n má baà máa gbé rédíò kọjá afárá ní gbogbo ìgbà tí ó bá dákẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe rédíò, níbi tí ọ̀gá ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ títí tí yóò fi gba fúríìdọ̀mù, ni ilé-ẹ̀kọ́ kejì, òun sì ni ó kọ́ ènìyàn tí ó pọ̀ jù. Fáàfù, ìyẹn gílóòbù onígíláàsì tí ń gbé agbára iná sókè nínú ẹ̀rọ, ni rédíò ìgbà àkọ́kọ́ ń lò. Ní 1947 ni wọ́n ṣe transistor, tí ó kéré tí kì í sì í gbóná bẹ́ẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, ní 1954 ni rédíò alágbèéká tí ó ń lò ó sì kọ́kọ́ dé ọjà níbẹ̀. Iná inú rédíò onífáàfù tó ohun tí ń pa ènìyàn, ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ àtijọ́ nínú iṣẹ́ náà fi ni pé kí ẹni tí ń yẹ inú ẹ̀rọ tí iná wà nínú rẹ̀ wò fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn, kí iná má baà gba àyà kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí a bá sì fẹ́ mọ ibi tí ohùn ti sọnù, a ó fi orí irin táṣẹ́ẹ̀rẹ́ kan ẹsẹ̀ àárín bọ́tìnnì tí ń gbé ohùn sókè: bí gbohùngbohùn bá dáhùn pẹ̀lú ariwo ‘hùn-ùn’, gbogbo ohun tí ó wà láti ibẹ̀ dé gbohùngbohùn yè, àìsàn wà níwájú, bí kò bá dáhùn, ẹ̀yìn ni a ó wò. Nípa báyìí ni ọmọ iṣẹ́ ti ń dá ẹ̀rọ sí méjì, tí yóò tún dá ìdajì tó kù sí méjì, títí ojú rẹ̀ yóò fi bọ́ sórí ohun kan ṣoṣo.

Irú ẹ̀rọ tí ọ̀nà yìí kò tó fún pátápátá ni rédíò àwọn tí a ń pè ní hámù, ìyẹn àwọn ènìyàn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò tiwọn bá ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nínú ìlú àti lókè òkun, fún ìmọ̀ àti fún ìfẹ́ iṣẹ́ náà, láìgba owó. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ZD2 ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdánimọ̀ hámù tó bá ń sọ̀rọ̀ láti Nàìjíríà. Lẹ́yìn òmìnira, 5N ni ó rọ́pò rẹ̀, òun sì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nigeria Amateur Radio Society ń lò títí di òní. Wọn kò pọ̀ rí, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976, ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìkòyí ni ọ̀gá ológun tí ń jẹ́ Dimka ti kéde ìfipágbàjọba rẹ̀, ibẹ̀ kan náà sì ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Orkar, ológun mìíràn tí ó fẹ́ fipá gbàjọba, tọ̀ lọ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1990. Ìjọba ológun tí ó ti rí ohun tí ohùn kan ṣoṣo lè ṣe kò ní fi ojú àánú wo àjèjì antẹ́nà lórí òrùlé aládàáni. Àjọ NCC tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1992, ni ìwé àṣẹ hámù wá bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, alátùn-únṣe ní Muṣin lè tún ẹgbẹẹgbẹ̀rún rédíò tí ń gbọ́rọ̀ ṣe kí ó tó fojú kan èyí tí ń sọ̀rọ̀, ìmọ̀ tí ó sì kó jọ lórí ti ìṣáájú ni ó ní láti mú wọ inú ti ìkejì.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń dàrú lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà gbé ohùn. Ní ìlànà àtijọ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ìgbì kúkúrú ṣì ń lò, ìgbì kan wà tí ó ń ru ohùn bí alábàárù ti ń ru ẹrù, tí ó sì máa ń jáde láti inú antẹ́nà yálà ẹrù wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí; ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára ẹ̀rọ náà ni ó ń lọ sára ìgbì yìí nìkan, kódà nígbà tí ohùn bá kún inú rẹ̀ dé ẹnu. John Carson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní 1915 pé a lè yọ ìgbì tí ń ru ohùn náà kúrò, kí a sì fi ẹyọ kan ránṣẹ́ nínú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ohùn ń ṣẹ̀dá lára rẹ̀, láìpàdánù ọ̀rọ̀ kankan; ìlànà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-kan yìí ni tẹlifóònù aláìníwáyà tí ó so London àti New York pọ̀ ní 1927 lò, òun sì ni ó gbilẹ̀ láàárín àwọn hámù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, bí ohùn bá rẹlẹ̀ tí mítà agbára sì dúró lókè, apá tí ń gba ohùn wọlé ni àìsàn wà. Nínú ti ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-kan, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́, kò sí ohun tí ń jáde rárá, ọwọ́ mítà sì ń fò sókè-sódò pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Mítà lásán kò lè sáré tó ohùn, nítorí náà rédíò tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 100 lè máa fi 20 tàbí 30 hàn nígbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ geere, kí ó sì yè kooro. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò ní àìsàn ni a lè tú palẹ̀ nítorí àìmọ èyí. Ohun tí ó yẹ ni kí a súfèé gbọọrọ sínú máìkì: bí mítà bá gòkè dé nǹkan bí 100 tí ó dúró síbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà lágbára, ohùn ni kò wọlé dáadáa.

Rédíò FT-101, tí ilé-iṣẹ́ Yaesu ti Japan gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, jẹ́ afárá láàárín ìgbà fáàfù àti ìgbà transistor, nítorí pé transistor ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fáàfù méjì ni ó ń ti ohùn jáde níkẹyìn, fáàfù náà sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣàn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Alátùn-únṣe tẹlifíṣàn kò ní ṣàì mọ ìwà irú fáàfù bẹ́ẹ̀: bí ó bá ti ń gbó, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, títí tí àwọn tó wà lókèèrè á fi máa ní kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ni rédíò tí kò ní fáàfù kankan gbòde, èyí tí ń jẹ iná fóltì 13.8, ọ̀rọ̀ iná Èkó sì wọ inú ìtàn náà. Ní 1923 ni ilé-iṣẹ́ iná Ìjọra, lẹ́bàá Èbúté-Mẹ́tta, bẹ̀rẹ̀ sí í fún Èkó ní iná, ní 1972 sì ni a dá àjọ iná mànàmáná NEPA sílẹ̀, orúkọ tí àwọn ará ìlú ṣì ń pè títí di òní. Iná tí ó ń rọlẹ̀ ní àṣálẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá tan tiwọn, mú kí bátìrì ọkọ̀ di ohun tí ó wúlò jù fún ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ wà nínú bátìrì pẹ̀lú. Rédíò oníwáàtì 100 ń fa iná tó ámípíà 20 nígbà tí ohùn bá ròkè jù. Bí wáyà tó so ó mọ́ bátìrì bá tín-ín-rín, tàbí tí orí bátìrì bá ti hu ìpẹtà funfun, tí ìdènà inú wọn sì fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm, fóltì 2 ti ṣòfò lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹni tí ó bá fi mítà wọn bátìrì nígbà tí rédíò ń gbọ́rọ̀ yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ pé. Àfi kí ó wọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìn rédíò gan-an, nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ sínú máìkì, kí ó tó rí fóltì tí ń já bọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá jáde. Èyí ni ó fà á tí ìyẹ̀wò iná fi máa ń ṣíwájú gbogbo ìyẹ̀wò mìíràn.

Máìkì ni ó tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kún jù. Lẹ́yìn èédú ni àwọn máìkì onímágínẹ́ẹ̀tì dé, tí wáyà tín-ín-rín ti ń mì nínú agbára mágínẹ́ẹ̀tì. Ní 1962 ni Gerhard Sessler àti James West, onímọ̀ ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí ń jẹ́ electret ní ilé-iṣẹ́ Bell, tí ó kéré, tí kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ̀rọ̀ sókè àfi bí rédíò bá ń fún un ní iná díẹ̀ láti inú wáyà rẹ̀. Bí a bá so máìkì electret mọ́ rédíò tí kì í fún máìkì ní iná, ohùn kò ní jáde rárá tàbí kí ó jáde bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnu máìkì olójú mẹ́jọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ Kenwood, Icom àti Yaesu lò fún ọ̀pọ̀ ọdún rí bákan náà lójú, wọ́n sì ń wọ ara wọn láìjanpata, ṣùgbọ́n ètò inú wọn yàtọ̀: ojú kìíní ni ohùn ń gbà wọlé lára Kenwood àti Icom, ojú kẹjọ ni lára rédíò ìgbì kúkúrú Yaesu. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ tókunbọ̀, tí máìkì ọ̀tọ̀ ń bá rédíò ọ̀tọ̀ dé, àṣìṣe yìí rọrùn láti ṣe. Ibi tí wáyà ti wọ inú ẹnu máìkì ni ó tún máa ń já jù, nítorí ibẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé e. Alátùn-únṣe á tú ẹnu náà, á fi bíléèdì họ orí wáyà títí yóò fi máa dán, á jó lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, á sì fi nǹkan dì í mú kí ó má baà máa fà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ń wo ẹ̀rọ tí àwọn mìíràn ti fẹ́ jù nù sàn.

Àwọn bọ́tìnnì orí rédíò pẹ̀lú ní ìtàn tiwọn nínú àìsàn yìí. Ọ̀kan ń pinnu bí ohùn máìkì ti pọ̀ tó. Òmíràn ń fún ohùn pọ̀, ìyẹn ni pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ tó rẹlẹ̀ sókè kí ó lè sún mọ́ èyí tó ròkè. Ẹ̀ṣọ́ kan sì wà nínú ẹ̀rọ, tí a ń pè ní ALC, tí ń dín agbára kù bí ohùn bá ti fẹ́ pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ohùn rẹ̀ kò ròkè máa ń fẹ́ yí gbogbo rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ṣọ́ á wá máa tẹ ẹ̀rọ náà lórí ba, ọ̀rọ̀ á dàrú, àwọn tó wà lókèèrè á sì tún ní àwọn kò gbọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, rédíò àti máìkì sì lè yè kí ohùn ṣì kú lórí òrùlé. Antẹ́nà tí ó rọrùn jù ni wáyà tí a nà gbọọrọ, tí a gé ní àárín, tí a sì ti ibẹ̀ bọ́ ọ; fún ìgbì mítà 20, gígùn rẹ̀ á tó mítà 10, fún ìgbì mítà 40, á tó mítà 20, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 66. Lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50 tí ó sì gùn ní 100, tí ó wọ́pọ̀ ní Muṣin àti Sùúrùlérè, antẹ́nà mítà 40 kò lè dùbúlẹ̀ ní ìbú, àfi ní òró. Níwọ̀n bí irú wáyà bẹ́ẹ̀, bí ó bá ga tó, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ohùn gba orí rẹ̀ méjèèjì, ìhà tí ilé kọ sí lè pinnu orílẹ̀-èdè tí yóò gbọ́ onílé dáadáa àti èyí tí kò ní gbọ́ ọ. Lórí gbogbo rẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti ti òkun ń jẹ bàbà: òjò ń wọ ibi tí wáyà antẹ́nà ti so mọ́ ara wọn, á rin wọ inú awọ rẹ̀ lọ, bàbà tó ń dán á sì di dúdú tàbí àwọ̀ ewé. Rédíò òde òní tí ó bá rí i pé agbára òun ń padà bọ̀ láti orí antẹ́nà á fúnra rẹ̀ dín ohun tí ń jáde kù, kí transistor rẹ̀ má baà jó. Olówó rẹ̀ á wá máa wá inú ẹ̀rọ fún àìsàn tí ó wà ní ìta. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni kí a yọ antẹ́nà, kí a sì so rédíò mọ́ ẹrù àdánwò, ìyẹn rẹ̀sístọ̀ ńlá oní-ohm 50 tí ń sọ agbára di ooru láìjẹ́ kí ó jáde. Bí wáàtì bá pé níbẹ̀, àkàbà ni ó kàn.

Ojú ọ̀run ni ibi tí ó gbẹ̀yìn, ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sì kó ipa nínú bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì ìlú Ìbàdàn ti ń fi ẹ̀rọ wọn ìpele afẹ́fẹ́ òkè tí ń dá ìgbì rédíò padà sí ilẹ̀, wọ́n sì kópa nínú ìwádìí àgbáyé ti 1957 sí 1958. Cyril Agodi Onwumechili wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí odò iná tí ń ṣàn ní òkè lọ́sàn-án ní àyíká ìlà agbedeméjì mágínẹ́ẹ̀tì ayé, ìlà tí ó gba Nàìjíríà kọjá. Fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti Yábà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbì mítà 40 kì í rìn jìnnà ní ọ̀sán, nítorí ìpele ìsàlẹ̀ ń gbé e mì, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìpele náà á tú ká, ohùn kan náà láti ẹ̀rọ kan náà á sì kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà. Kò sí iye wáàtì tí ó lè rọ́pò mímọ wákàtí: bí a bá sọ agbára rédíò di ìlọ́po méjì, ìdajì ìpele kan péré ni ohùn yóò fi gòkè lórí òṣùwọ̀n tí àwọn hámù fi ń sọ fún ara wọn bí ohùn ti dé sí.

Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001, àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá kọ́ṣẹ́ rédíò yà sí títún fóònù ṣe, irin táṣẹ́ẹ̀rẹ́ àti mítà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì kọ́kọ́ mú dání. Àwọn ọ̀gá tí ó mọ fáàfù ti ń dàgbà, ìwé tí wọ́n kọ sórí iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa iná Èkó, ìpẹtà Èkó àti máìkì tókunbọ̀ sì wà ní orí wọn àti ní ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ́. Yaba College of Technology àti Yunifásítì Èkó ní Akoka kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí yóò ṣì bá ẹni tí yóò dáhùn.